Iṣẹ́ Ńlá Ni Yíyọ Fọ́sífétì Kúrò

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní ẹ̀kọ́ báyókẹ́mísìrì, orí tí ó sọ nípa bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì máa ń gùn, ó máa ń ní àwòrán, ó sì máa ń to orúkọ àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan bí fọ́sífétì yẹn ṣe ń kúrò, ìpínrọ̀ kan péré ni a óò bá níbẹ̀, tí yóò sọ pé ẹ́ńsáìmù mìíràn wà tí ń dá ohun gbogbo padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, mo sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé Àgbówó àti Sáńgò ka ìwé ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé yíyọ fọ́sífétì kúrò jẹ́ iṣẹ́ tí ó dúró fúnra rẹ̀. Òun ni ó ń pinnu bóyá ṣúgà yóò dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ebi ń pa, bóyá egungun ọmọdé yóò le, àti bóyá irin tí ó wà nínú àgbàdo tí a jẹ yóò wúlò fún ara wa. Ohun tí mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín nìyẹn.

Fọ́sífétì kì í ṣe ohun ńlá lójú. Átọ́ọ̀mù fọ́sífórọ́ọ̀sì kan ni, tí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn mẹ́rin yí ká. Agbára rẹ̀ wà nínú iná mànàmáná tí ó ń rù, irú èyí tí a ń fi àmì ìyọkúrò kọ. Nínú ara wa, fọ́sífétì tí ó lẹ̀ mọ́ purotéènì sábà máa ń ru bíi méjì irú rẹ̀. Nígbà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá dé sí ojú kan lára purotéènì, yóò fa àwọn apá kan mọ́ra, yóò ti àwọn mìíràn sẹ́yìn, ìdúró purotéènì náà yóò sì yí padà. Ìhò tí ó wà ní gbangba lè padé, ojú tí a bò mọ́lẹ̀ sì lè ṣí síta. Láti yọ ọ́, omi ni sẹ́ẹ̀lì ń lò. Mólíkù omi kan yóò wọlé sáàárín, ìdè tí ó so fọ́sífétì mọ́ mólíkù náà yóò já, fọ́sífétì yóò sì bá tirẹ̀ lọ ní òun nìkan. Ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a ń pè ní fọ́sífatéèsì, èyí tí ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni káínéèsì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ pé omi ni a fi ń yọ ọ́ lè rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni, nígbà tí omi kún inú sẹ́ẹ̀lì fọ́fọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iná òdì tí fọ́sífétì ń rù máa ń lé omi sẹ́yìn, ìdí pàtàkì sì nìyẹn tí Frank Westheimer, nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbajúmọ̀ ní ọdún 1987, fi ṣàlàyé pé fọ́sífétì ni ó yẹ jù lọ fún ohun alààyè láti fi so àwọn nǹkan bíi DNA pọ̀. Ní ọdún 2003, Richard Wolfenden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò kan jáde tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á: bí kò bá sí ẹ́ńsáìmù, nínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 25°C, yóò gba ohun tí ó ju tírílíọ̀nù kan ọdún kí ìdajì irú fọ́sífétì bẹ́ẹ̀ tó lè já kúrò fúnra rẹ̀. Ọjọ́ orí gbogbo àgbáyé, pẹ̀lú oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ inú rẹ̀, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún lọ. Síbẹ̀, fọ́sífatéèsì ń parí iṣẹ́ yìí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ó jẹ́ pé ó mú un yá ní ìlọ́po 10²¹. Nínú gbogbo ẹ́ńsáìmù tí a ti wọn agbára wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó lè bá a dọ́gba. Fún ìdí yìí, a kò lè sọ pé fọ́sífétì ń re dànù ní tirẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Bí a kò bá yọ ọ́, kò ní kúrò.

Ìtàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe di mímọ̀ pàápàá fi hàn pé a ti ń fọwọ́ rọ́ ìhà yíyọ tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, Carl Cori àti ìyàwó rẹ̀ Gerty Cori ń ṣe ìwádìí lórí ẹ́ńsáìmù kan tí ń tú gláíkójìn, ìyẹn ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ tò pamọ́, sí wẹ́wẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù náà, tí ń jẹ́ phosphorylase, wà ní oríṣi méjì. Èyí tí wọ́n pè ní a ń ṣiṣẹ́ láìní olùrànlọ́wọ́. Èyí tí wọ́n pè ní b kì í ṣiṣẹ́ àfi tí a bá fi mólíkù kékeré kan tí ń jẹ́ AMP sí i. Wọ́n tún rí ẹ́ńsáìmù mìíràn nínú iṣan tí ń sọ a di b. Èrò wọn ni pé AMP tí ó ti wà lára a tẹ́lẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù yìí ń yọ, wọ́n sì fi iṣẹ́ yíyọ yẹn sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n pè é ní PR, ìkékúrú “prosthetic-group removing” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ayọ-ohun-tí-ó-lẹ̀-mọ́-ẹ́ńsáìmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá AMP lára a, wọn kò bá a níbẹ̀. Tọkọtaya Cori gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1947 fún iṣẹ́ wọn lórí gláíkójìn, ọ̀rọ̀ PR sì wà nílẹ̀ láìyanjú.

Ó di ọdún 1955 kí Edmond Fischer àti Edwin Krebs, ní ìlú Seattle, tó fi hàn pé fọ́sífétì tí a mú láti ara ATP, mólíkù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára káàkiri, ni ó ń sọ b di a. Ní àkókò kan náà gan-an, Earl Sutherland àti Walter Wosilait, tí wọ́n ń lo ẹ̀dọ̀ dípò iṣan, rí i pé bí phosphorylase bá ti ń pàdánù agbára rẹ̀, fọ́sífétì ń jáde sínú omi. Nígbà náà ni ó wá hàn gbangba pé fọ́sífétì ni PR ti ń yọ láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe AMP. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò: ẹ́ńsáìmù ayọ-fọ́sífétì ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ fún ọdún tí ó tó mẹ́wàá kí wọ́n tó mọ alẹ̀-fọ́sífétì rárá. Síbẹ̀, alẹ̀-fọ́sífétì ni ó gba òkìkí. Fischer àti Krebs gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1992, ó sì dùn mọ́ mi pé àwọn tí ó fún wọn ní ẹ̀bùn náà kò gbàgbé láti sọ ọ́ pé lílẹ̀ tí ó ṣeé yọ padà ni ohun tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Lílẹ̀ tí kò ṣeé yọ kò lè darí ohunkóhun nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò ṣiṣẹ́.

Ohun mìíràn tí ó fa ìfojúkéré yìí ni iye. Nígbà tí wọ́n ti ka púpọ̀ jù lọ nínú apilẹ̀ àbùdá ènìyàn, wọ́n kéde ní ọdún 2002 pé káínéèsì 518 ni ó wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ń lẹ fọ́sífétì mọ́ serine àti threonine, méjì nínú àwọn ẹ̀yà tí a fi ń to purotéènì. Àwọn fọ́sífatéèsì tí ń yọ ọ́ kúrò lára méjèèjì yìí kò ju nǹkan bí ogójì lọ. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti fẹnu kò pé fọ́sífatéèsì kò mọ̀yàtọ̀, pé ohunkóhun tí ó bá ti bá pàdé ni ó ń bọ́ láṣọ. Irọ́ gbáà ni. PP1, tí ó jẹ́ PR àwọn Cori gan-an ní orúkọ tuntun, ní àwọn purotéènì tí ó tó bí igba tí wọ́n lè dì mọ́ ọn lára, èyí tí ó bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Awakọ̀ Micra ní Ìbàdàn yìí lè jẹ́ ẹnì kan náà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá háyà rẹ̀ ni yóò sọ bóyá Mọ́kọ́lá ni tàbí Ìwó Road. Bí purotéènì tí ń jẹ́ MYPT1 bá dì mọ́ PP1, ara iṣan tí ó yí òpó ẹ̀jẹ̀ ká ni yóò gbé e lọ. Fọ́sífétì yóò kúrò lára myosin, purotéènì tí ń mú iṣan súnkì, níbẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ yóò sì dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ń lẹ̀ mọ́ gláíkójìn ni wọ́n dì í mú, ìdí gláíkójìn ni yóò ti ṣiṣẹ́.

Ìdí gláíkójìn yìí sì ni mo ti fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ju èrò pé yíyọ túmọ̀ sí pípa nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ nù. Ẹ́ńsáìmù tí ń to gláíkójìn jọ máa ń sùn nígbà tí fọ́sífétì bá wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá jẹun, tí ínsúlínì sì dé, a óò yọ àwọn fọ́sífétì wọ̀nyẹn, ẹ́ńsáìmù náà yóò sì jí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í to ṣúgà pamọ́. Ní àkókò kan náà, yíyọ fọ́sífétì kan náà ni ó ń dá phosphorylase tí ń tú gláíkójìn dúró. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló jí ọ̀kan, tí ó sì fi èkejì sùn, kí sẹ́ẹ̀lì má baà máa tò, kí ó sì máa tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Títí di ìsinsìnyí, purotéènì ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n ṣúgà pàápàá máa ń ru fọ́sífétì. Bí glúkóòsì bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì báyìí, wọn yóò lẹ fọ́sífétì mọ́ ọn, kò sì ní lè jáde mọ́, nítorí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé kì í gba ohun tí ó ru irú iná bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹni tí ó gbààwẹ̀ Ramadan, tí ó jẹ sààrì ní ìdájí, tí ó sì ń tajà ní Òjé títí di ìrọ̀lẹ́ láìfi nǹkan kan ẹnu. Ọpọlọ rẹ̀ kò dẹ́kun láti máa lo glúkóòsì. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀: ó ń tú gláíkójìn, ó sì ń ti ara àwọn nǹkan mìíràn ṣe ṣúgà tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjèèjì parí sí orí glúkóòsì tí ó ṣì ru fọ́sífétì. Ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ glucose-6-phosphatase ni yóò yọ fọ́sífétì ìkẹyìn yẹn, kí glúkóòsì tó lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ara wa kó gláíkójìn tí ó pọ̀ ju ti ẹ̀dọ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ṣùgbọ́n iṣan kò ní ẹ́ńsáìmù yìí, fún ìdí èyí, ohun tí iṣan bá tò, iṣan nìkan ni yóò jẹ ẹ́.

A mọ bí ẹ́ńsáìmù yìí ṣe ṣe pàtàkì tó nítorí àwọn ọmọ tí a bí láìní i. Edgar von Gierke, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àìsàn náà ní ọdún 1929: ẹ̀dọ̀ ọmọ tóbi nítorí gláíkójìn tí ó há sínú rẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ kíákíá bí kò bá jẹun fún wákàtí díẹ̀. Ní ọdún 1952, tọkọtaya Cori kan náà fi hàn pé glucose-6-phosphatase ni kò sí nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbà àkọ́kọ́ tí a tọ́ka sí ẹ́ńsáìmù kan pàtó pé àìsí rẹ̀ ni ó fa àìsàn àbímọ́. Ṣúgà wà nínú ara ọmọ náà lọ́pọ̀ yanturu, ebi rẹ̀ sì ń pa ọpọlọ, nítorí fọ́sífétì kan ṣoṣo tí a kò rí ẹni yọ. Láti àwọn ọdún 1980, ìtọ́jú tí a ń fún wọn ni sítáàṣì àgbàdo tútù tí a kò sè, tí a pò mọ́ omi, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dà nínú ìfun.

Ti calcineurin kò ní gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n fò ó. Fọ́sífatéèsì tí kálísíọ̀mù ń jí ni. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń gbèjà ara, ó ń yọ fọ́sífétì kúrò lára purotéènì kan tí ń jẹ́ NFAT, kí NFAT lè ráyè wọ inú àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì lọ láti pe àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù sójú ogun. Cyclosporin, oògùn tí a kọ́kọ́ rí lára olú tín-ín-rín kan nínú erùpẹ̀ orílẹ̀-èdè Norway, ń dí calcineurin lọ́wọ́, oògùn mìíràn tí ń jẹ́ tacrolimus náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1991 ni a sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń fọwọ́ kàn. Àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún ń gbé oògùn wọ̀nyí mì lójoojúmọ́ kí ara wọn má baà kọ kíndìnrín náà. Ohun tí ń dáàbò bò ó ni pé a kò jẹ́ kí a yọ fọ́sífétì kan.

Ibi tí èmi fúnra mi ti ń fojú rí yíyọ fọ́sífétì ni orí tábìlì iṣẹ́ mi. Alkaline phosphatase, tí gbogbo wa ń pè ní ALP, wà lára àwọn àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ tí dókítà máa ń kọ. Kẹ́míkà tí a fi ń wá a ni p-nitrophenyl phosphate, tí kò ní àwọ̀ rárá nígbà tí fọ́sífétì ṣì wà lára rẹ̀. A óò fi omi ara ẹ̀jẹ̀ tí a ti yọ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, ní ooru 37°C, nínú omi tí a ti mú kí agbára álíkálì rẹ̀ ga dé bíi pH 10, nítorí ibẹ̀ ni ALP ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí ó sì fún un ní orúkọ nìyẹn. Bí ALP ti ń yọ fọ́sífétì, ohun tí ó kù yóò máa di yẹ́lò. Bí ó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà, àwọ̀ yẹ́lò náà yóò tètè jáde, yóò sì máa pọ̀ sí i lójú ẹni; bí ó bá kéré, yóò fà. Ẹ̀rọ yóò tan ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 405 nm kọjá nínú rẹ̀, yóò sì ka bí àwọ̀ náà ṣe ń yára dé sí. Mo máa ń pe àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi láti wá fi ojú lásán wò ó kí ẹ̀rọ tó kà á, nítorí yẹ́lò tí wọ́n ń wò yẹn ni fọ́sífétì tí ó ti kúrò.

Átọ́ọ̀mù sínǹkì méjì àti magnẹ́síọ̀mù kan ni ALP fi ń di fọ́sífétì mú kí ó tó gé e. Gbogbo ẹni tí ó bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ni ó yẹ kí ó mọ èyí, nítorí túùbù tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò ní EDTA nínú, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, EDTA a sì máa já irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ké sí mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó, ALP aláìsàn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo.” Mo ní kí ó wo kálísíọ̀mù àti potásíọ̀mù rẹ̀. Kálísíọ̀mù ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí kò yẹ kí alààyè wà, potásíọ̀mù sì ga dé ibi tí ọkàn kò fi yẹ kí ó máa lù mọ́. Mo pe nọ́ọ̀sì tí ó fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́. “Ẹ káàsán, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ yìí sínú túùbù elésè àlùkò, kí wọ́n tó dà á sínú òmíràn?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. EDTA ti gba sínǹkì àti magnẹ́síọ̀mù lọ́wọ́ ALP, ó gba kálísíọ̀mù mọ́ ọn, potásíọ̀mù tí ó wà nínú EDTA fúnra rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kà. Ara aláìsàn náà kò ní ìṣòro kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ALP máa ń ga nígbà tí ọ̀nà òróòro bá dí, nítorí ẹ̀dọ̀ yóò máa ṣe é púpọ̀. Ó tún máa ń ga nínú oyún tí ó ti gbó, nítorí ibi ọmọ náà ń ṣe tirẹ̀, kò sì sí àìsàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bà mí nínú jẹ́ jù lọ ni ti àwọn ọmọdé. Egungun tí ń dàgbà ń pèsè ALP lọ́pọ̀lọpọ̀, tí iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá fi lè ju ti àgbàlagbà lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Síbẹ̀, mo ti rí ìwé àbájáde àyẹ̀wò níbi tí a ti fi òdiwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí a sì fi àmì pupa sí i, tí ìyá ọmọ náà ń sunkún pé ẹ̀dọ̀ ọmọ òun ti bàjẹ́. Egungun ọmọ rẹ̀ ń dàgbà ni. Kò yẹ kí àbájáde ALP kankan jáde láìjẹ́ pé a kọ ọjọ́ orí àti òdiwọ̀n tí ó bá ọjọ́ orí náà mu sí i.

Robert Robison ni ó kọ́kọ́ so fọ́sífatéèsì mọ́ egungun, ní ìlú London, ní ọdún 1923. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé nǹkan kan wà tí ń jẹ́ pyrophosphate, fọ́sífétì méjì tí a so pọ̀, tí kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì dì pọ̀ di egungun. ALP ń gé pyrophosphate yìí sí méjì: ó mú ohun tí ń dènà kúrò, ó sì tún pèsè fọ́sífétì tí a fẹ́ fi kọ́lé. Ọmọ tí a bí láìní ALP tó máa ń ní egungun tí ó rọ̀. Oníṣègùn ará Kánádà tí ń jẹ́ Rathbun ni ó fún àìsàn náà ní orúkọ, hypophosphatasia, ní ọdún 1948. Ọdún 2015 ni a tó fọwọ́ sí oògùn tí ó jẹ́ ALP fúnra rẹ̀, tí a ṣe ní ọ̀nà tí yóò fi lè dé inú egungun.

Yíyọ fọ́sífétì kò mọ sí inú ara nìkan. Ó ń lọ lọ́wọ́ nínú ike tí Ìyá Ológì rẹ àgbàdo sí. Ohun ọ̀gbìn máa ń fi fọ́sífétì rẹ̀ pamọ́ sínú kóró nínú mólíkù kan tí a ń pè ní fáítéètì, òrùka kékeré tí fọ́sífétì mẹ́fà so mọ́ yí ká. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ru iná òdì, wọ́n sì máa ń di irin, sínǹkì àti kálísíọ̀mù mú pinpin. Inú ènìyàn kò ní ẹ́ńsáìmù tí ó tó láti tú u. Irin lè wà nínú oúnjẹ, kí ó gba ẹnu wọlé, kí ó sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ́ńsáìmù tí ń yọ àwọn fọ́sífétì wọ̀nyí ni phytase, tí Umetaro Suzuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàpèjúwe ní ọdún 1907 láti inú èèpo ìrẹsì.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń ṣe ògì. A óò ṣa àgbàdo, a óò rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a óò máa pààrọ̀ omi rẹ̀, a óò gbé e lọ sí ẹ̀rọ, a óò fi aṣọ sẹ́ ẹ, a óò sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò, kí ó sì kan. Nígbà tí kóró bá mu omi, ó máa ń rò pé ìgbà àtihù ti dé, phytase tirẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú ògì kan náà ń mú tiwọn wá, ásíìdì tí wọ́n ń ṣe sì ń sọ omi náà di èyí tí phytase fẹ́ràn. Bí fọ́sífétì ti ń kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan lára fáítéètì, ìdìmú rẹ̀ ń rọ̀. Nígbà tí ó bá ti kù sí mẹ́rin sísàlẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ lè dá irin dúró mọ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ òdì kejì náà, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ògì kò lábùkù. Nínú àgbàdo, inú ọlẹ̀ kóró ni fáítéètì pọ̀ sí jù. Nígbà tí a bá sì ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ọlẹ̀ náà ń bá eèrí lọ, pẹ̀lú òróró, purotéènì àti irin tí ó wà nínú rẹ̀. Ògì lásán kò tó ọmọ. Ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin yẹ kí ó tẹ̀lé e. Eèrí tí ó kù sì ń ṣe ewúrẹ́ àti àgùntàn láǹfààní, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú àpò ikùn wọn ní phytase tí ó pọ̀ tó láti tú gbogbo rẹ̀.

Adìyẹ kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta fọ́sífórọ́ọ̀sì inú oúnjẹ adìyẹ tí a fi àgbàdo àti sóyà pò ni ó wà nínú fáítéètì, ìdí sì nìyí tí àwọn tí ń sin adìyẹ ní Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá fi ń rí phytase lára ohun tí a pò mọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń rà. Láti àwọn ọdún 1990 ni a ti ń tà á fún irú iṣẹ́ yìí. Ó ń dín fọ́sífétì tí a gbọ́dọ̀ rà sínú oúnjẹ kù, ó sì ń dín èyí tí ń bá ìgbẹ́ adìyẹ ṣàn lọ sínú odò kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ egungun ti pàdé ni àìsàn tí ń jẹ́ rickets, tí ẹsẹ̀ ọmọ fi ń tẹ̀ kọrọdọ. Oòrùn wà ní Nàìjíríà, tí Vitamin D kì í fi í ṣe olórí ìṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó ń ṣe. Kálísíọ̀mù ni oúnjẹ wọn kò ní tó, tí fáítéètì inú ọkà sì lè mú kí èyí tí ó wà níbẹ̀ ṣòro fún ìfun láti gbà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Jos lórí ọmọ 123, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, kálísíọ̀mù nìkan tàbí kálísíọ̀mù pẹ̀lú Vitamin D wo ọmọ sàn ju Vitamin D nìkan lọ. Ara ọmọ tí ó ní rickets máa ń pèsè ALP ní àpọ̀jù, bí ẹni pé sẹ́ẹ̀lì egungun ń gbìyànjú láti fi agbára ẹ́ńsáìmù dípò kálísíọ̀mù tí kò sí. Àwọn oníwádìí náà kò kà á sí ìwòsàn títí àwòrán egungun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá tán, tí ALP inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sì ti wálẹ̀ dé 350 U/L tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kí wọ́n yẹ ALP àti kálísíọ̀mù rẹ̀ wò pọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé túùbù tí kò ní EDTA ni wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ náà.